Lórí Omi Ọya, Láti Mopti Lọ sí Tombouctou

Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá ti gba Malanville kọjá lọ sí ilẹ̀ Niger ti rí odò Ọya. Lórí afárá gígùn náà, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀pọ̀ èrò kì í tilẹ̀ bojú wo omi. Ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè àti ẹrù wọn ni ọkàn wọn wà. Bẹ́ẹ̀ sì ni omi tí ó ń ṣàn lábẹ́ wọn ti rin ìrìn tí ó ju ti ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ. Lórí àwọn òkè ilẹ̀ Guinea ni ó ti ṣẹ̀, níbi tí kò tó 250 kìlómítà sí òkun. Odò mìíràn ìbá yára lọ bá òkun tí ó wà nítòsí. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó doríkọ Sàhárà, ó lọ títí ó fi kan iyanrìn ní ẹ̀bá Tombouctou, nígbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, tí ó sì sọ̀kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Gbogbo ìrìn rẹ̀ tó nǹkan bí 4,200 kìlómítà.

Àwa tí a ń gbé ní ìsàlẹ̀ mọ̀ ọ́n ní odò tí ó ní igi àti oko létí. Ó ṣòro fún wa láti rò pé òun kan náà ni ó ń bá aṣálẹ̀ ṣe aládùúgbò. Ó pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Àyè rẹ̀ ṣí ní òpin ọdún 2007, kì í sì í ṣe fàájì ni ó ṣí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fàájì kò ṣàì sí níbẹ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Dogon láti agbègbè Bandiagara ní ilẹ̀ Mali, tí a ti mọ ara wa láti ìgbà èwe. Àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́kọ sí Diré, ìlú kan létí odò náà, kí a tó dé Tombouctou. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ìyá wọn ti fojú kàn án gbẹ̀yìn. Obìnrin náà wá bímọ ọkùnrin, àkọ́bí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń fi ọ̀rọ̀ gún un lára. Ìyá ní òun yóò lọ gbé ọmọ-ọmọ òun, bí wọn yóò tilẹ̀ fi ẹní gbé òun dé ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kọ̀wé sí mi pé: "Ìwọ tí o ti ń yọ mí lẹ́nu nítorí odò, wá bá wa lọ."

Àwa mẹ́rin ni a lọ láti ìhà tiwa: èmi, ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi yìí kì í ṣe ẹni tí ń lọ wo ìran. Oníṣòwò aṣọ ni, Parakou àti Malanville ni ó ti ń tà, ó sì gbọ́ èdè Dendi bí ẹni tí a bí síbẹ̀. Ohun tí ó bá lọ ni láti mọ iye tí wọ́n ń ta aṣọ aláró ní Mopti, kì í sì í fi bò. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni a gbéra. Ọ̀nà ilẹ̀ gba ọjọ́ mẹ́ta, Ouagadougou àti Koro ni a gbà; eruku rẹ̀ pọ̀, n kò ní fi dá yín lágara.

Mopti ni ibi tí odò Bani ti ń pàdé Ọya. Bí ẹ bá mọ Dantokpa ní Kùtọnu, bí ó ti fẹ̀yìn ti ọ̀sà, ẹ ti mọ èbúté Mopti ní ìdajì. Ẹja gbígbẹ wà nínú agbọ̀n tí ó ga ju ènìyàn lọ, ìkòkò amọ̀ wà, igbá wà, igi ìdáná wà, àgùntàn ń ké. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dá wa dúró ni iyọ̀. Kì í ṣe iyọ̀ inú àpò. Pẹlẹbẹ ńláńlá ni, wọ́n tò ó ró ti ògiri bí ìgbà tí káfíńtà bá to ilẹ̀kùn. Taoudenni ni ó ti wá, láàrin gbùngbùn Sàhárà, ibi tí ó jìnnà sí Tombouctou ní nǹkan bí 650 kìlómítà ní ìhà àríwá. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, níbi tí adágún àtijọ́ ti gbẹ tán. Ràkúnmí sábà máa ń ru pẹlẹbẹ mẹ́rin, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, títí dé Tombouctou. Ọkọ̀ omi ni ó sì ń gbà á níbẹ̀ wá sí Mopti. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka kan án, ó lá a, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Èyí mọ ọ̀nà jù mí lọ."

Pínásì ni wọ́n ń pe ọkọ̀ tí a wọ̀. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn Bozo ni iṣẹ́ náà wà, àwọn apẹja tí gbogbo ẹ̀yà agbègbè náà gbà pé àwọn ni olúwa omi. Ọkọ̀ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, a kan pákó mọ́ pákó, a sì fi ẹní bò ó lórí àwọn ọ̀pá tí a tẹ̀ bí ọrun. Kò sí ìjókòó. Ẹrù ni ìjókòó, ẹrù náà ni ibùsùn: àpò jéró, àpò ìrẹsì, àgbá epo, àti lórí wọn àwa ènìyàn bí ọgọ́ta. Àdògán amọ̀ kan wà láàrin ọkọ̀, obìnrin kan sì ń se oúnjẹ gbogbo wa níbẹ̀, ìrẹsì àti ẹja ní òwúrọ̀, ìrẹsì àti ẹja ní alẹ́. Ní ìdí ọkọ̀ ni ihò kan wà tí a fi ẹní yí ká. Ẹ kò ní béèrè ohun tí ó wà fún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tún wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa gbọ́n omi. Àwọn pákó náà kì í lẹ̀ mọ́ra tán; omi ń wọlé lọ́sàn-án lóru, òun náà sì ń gbọ́n ọn lọ́sàn-án lóru pẹ̀lú agolo kan tí a gé ẹnu rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé: "Bàbá, bí ó bá sùn ńkọ́?" Mo ní kí ó lọ bi í fúnra rẹ̀. Ó lọ, ó padà dé, ó ní: "Ó ní ẹlòmíràn yóò jí." Láti òru kejì lọ, òun gan-an ni ẹlòmíràn náà. Ìyá rẹ̀ pariwo títí, ó sú u.

A kúrò ní Mopti ní ọ̀sán Sátidé. Ọdún Iléyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, àwọn tí ń padà sí ibi iṣẹ́ àti sí ilé ọkọ sì pọ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé n kò rí aṣálẹ̀ tí mo bá wá. Omi ni mo rí, omi títí dé ibi tí ojú lè dé, àwọn abúlé sì wà lórí òkìtì kéékèèké bí adìyẹ tí òjò lé gun ààtàn, mọ́ṣáláṣí alámọ̀ kan láàrin ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́ ń fẹ́, tí ètè wa ti là, tí òjò sì ti dáwọ́ dúró níbẹ̀ láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Níbo ni omi náà ti wá?

Ó yẹ kí n ṣe àlàyé rẹ̀, nítorí òun ni ẹ̀mí gbogbo ènìyàn ibẹ̀ rọ̀ mọ́. Òjò tí ó rọ̀ sórí àwọn òkè Guinea láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án ni. Ilẹ̀ Mali tẹ́ pẹrẹsẹ, omi kò rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò fi sáré; ó ń rìn bí àgbàlagbà. Nígbà tí ó bá fi kún ní Mopti, oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá ti dé. Láti ibẹ̀ ó ń ya ẹsẹ̀ káàkiri, ó ń wọ inú adágún, ó ń bo pápá, tí ó fi jẹ́ pé ní ọdún tí ó bá pọ̀, ilẹ̀ tí ó ń bò ju 20,000 kìlómítà lọ níbùú-lóòró. Kí ó tó kún ní ìhà Tombouctou, oṣù kejìlá tàbí oṣù kìn-ín-ní ni. Èyí ni pé ní àkókò tí kò sí ẹ̀kán òjò kan, ni odò ń kún létí aṣálẹ̀. Oòrùn ń mu nínú rẹ̀, iyanrìn ń mu nínú rẹ̀, apá púpọ̀ ni kò ní padà jáde. Ìyókù ni ó ń yí bọ̀ wá sí Niamey àti Malanville. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà wọ́n ń pe ìkún yìí ní omi dúdú, nítorí ó ti fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà, ó sì mọ́. Èyí tí òjò tòsí ń mú wá ṣáájú rẹ̀, tí ó kún fún amọ̀, ni wọ́n ń pè ní omi funfun.

Koríko kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bourgou. Inú omi ni ó ti ń hù, bí omi bá sì ti ń ga ni òun náà ń ga, orí rẹ̀ kì í rì. Bí omi bá fà, màlúù àwọn Fúlàní ni ó ń jẹ ẹ́. Àwọn ènìyàn pàápàá ń fi oje rẹ̀ ṣe ohun mímu tí ó dùn. Ilẹ̀ kan náà ni ó jẹ́ ti apẹja ní oṣù tí omi bá wà, ti alágbẹ̀dá ìrẹsì ni nígbà kan, ti darandaran ni nígbà mìíràn. Ẹ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní gbọ́ pé ìjà wà nínú irú ètò báyìí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Sékou Amadou tí ó dá ìjọba Macina sílẹ̀ ni ó fi ìlànà sí i: ẹran ta ni yóò kọ́kọ́ wọ pápá, ọ̀nà wo ni wọn yóò gbà, ọjọ́ wo. Ọ̀rẹ́ mi fi ọwọ́ hàn mí níbi tí ọ̀nà màlúù ti wọ inú omi. Èmi kò rí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe koríko.

Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi ni a dé ẹnu adágún Débo. Ọ̀gá ọkọ̀ wo ojú omi, ó wo ojú ọ̀run, ó so ọkọ̀ mọ́ èbúté abúlé kan, ó sì dùbúlẹ̀. Bí omi bá kún, ẹni tí ó wà ní etí Débo níhìn-ín kì í rí etí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá sì jí lọ́sàn-án, ìgbì ń dìde níbẹ̀ bí ti òkun, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ wa tí ẹrù ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò fi ju àtẹ́lẹwọ́ méjì ga ju omi lọ. Oníṣòwò kan tí ó ń kó àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí í bínú pé ìdádúró yìí yóò ba ọjà òun jẹ́. Ọ̀gá ọkọ̀ kò dìde. Ó sọ gbólóhùn kan tí ọ̀rẹ́ mi túmọ̀ fún wa: "Afẹ́fẹ́ ń jẹun lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ó yó."

Ọjọ́ náà ni ọdún Ìdílé Mímọ́. Àwọn ará ọkọ̀ tò sórí iyanrìn, wọ́n kírun wọn. Àwa méje tí a jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì jókòó sábẹ́ igi kan lápá kejì, ọ̀rẹ́ mi sì ka Ìhìn Rere ọjọ́ náà fún ìyá rẹ̀ ní èdè Dogon. Sísá lọ sí Íjíbítì ni ó bọ́ sí ní ọdún náà. Nígbà tí ó kà á tán, Màmá bi mí bóyá Jósẹ́fù rí ọkọ̀ omi wọ̀. Mo ní ìwé kò sọ. Ó ronú sí i, ó ní: "Pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, omi dára ju iyanrìn lọ."

Ọjọ́ náà gùn, ṣùgbọ́n kò sú ni. Ẹyẹ tí ó wà lórí adágún náà kò níye. Àwọn mìíràn nínú wọn ti Yúróòpù wá lo ìgbà òtútù níbẹ̀. Nígbà tí agbo lékeléke kan gbéra, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbàgbé pé òun ti di ọ̀dọ́, ó na èékánná rẹ̀ méjèèjì sí wọn bí àwọn ọmọ wa ti máa ń ṣe, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi funfun sí i. Àwọn ọmọ Bozo ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, àwọn náà na tiwọn. Nígbà tí oòrùn ń lọ, wọ́n fi erinmi mẹ́ta hàn wá lókèèrè, etí àti ihò imú nìkan. Ìyàwó mi ní òun kò rí wọn, inú òun sì dùn bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni a tó la adágún náà kọjá, omi sì ti tẹ́ bí àwo. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú òkùnkùn, ọkọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ó gun orí iyanrìn tí omi bò. A gbọ́ ọ lábẹ́ wa bí ìgbà tí a bá ń fa ẹní. Gbogbo ọkùnrin bọ́ sínú omi, ó mù wá dé ìbàdí, òtútù rẹ̀ sì wọ egungun, nítorí òru oṣù kejìlá níbẹ̀ kì í ṣe òru tiwa. Oníṣòwò alágùntàn wà lápá ọ̀tún mi, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lósì. Ọ̀gá ọkọ̀ ń pe orin kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju méjì lọ, a ń tì í ní ìparí rẹ̀. Ó tó wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí ọkọ̀ bọ́, tí a padà gòkè, tí eyín wa ń lu ara wọn, àwọn obìnrin ti fi tíì sórí iná, gíláàsì mẹ́ta-mẹ́ta fún ẹnìkan gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Ẹ̀gbọ́n mi tú àpò rẹ̀. Gààrí ni, tí ó ti gbé láti ilé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi omi gbígbóná po ó, ó da ṣúgà sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí pín in láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn. Àwọn kan nínú wọn kò rí gààrí rí. Alágùntàn lá tirẹ̀ tán, ó béèrè iye tí àpò kan ń lọ. Mo mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀gbọ́n mi kò wá lásán.

Ọjọ́ Ajé ni aṣálẹ̀ tó yọ sí wa. Kò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Igi kọ́kọ́ dín, ẹ̀gún ni ó ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà òkìtì iyanrìn pupa kan yọ lẹ́yìn abúlé, lẹ́yìn náà méjì, títí tí iyanrìn fi dé etí omi gan-an. Bí ẹ bá dúró níwájú ọkọ̀, ẹ ó rí ohun mẹ́ta péré: omi, koríko tí kò fẹ̀ ju àgbàlá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti iyanrìn. Gbogbo ohun tí ó wà láàyè wà lórí koríko yẹn. Obìnrin ń fọ abọ́, ọmọdé ń fún irúgbìn lómi, àwọn Tuareg ń fún ràkúnmí lómi. Ọkọ̀ wa ni ó ń gbé ìwé lẹ́tà, ni ó ń gbé oògùn, ni ó ń gbé ìyàwó tuntun. Ní gbogbo èbúté, ẹnìkan ń sọ̀kalẹ̀, àwọn mẹ́wàá ń pàdé rẹ̀.

A dúró ní Niafunké ní ìrọ̀lẹ́. Ìlú Ali Farka Touré ni, olórin tí gbogbo ayé mọ̀, tí ó padà wá dá oko sílẹ̀, tí àwọn ará ìlú sì fi ṣe olórí ìlú wọn láti ọdún 2004 títí tí ó fi kú ní ọdún 2006. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti yà wá lẹ́nu. Ó ń bá obìnrin ẹlẹ́ja kan dúnàádúrà ní Faransé tí kò yé ẹnìkejì rẹ̀, inú bí i, ó sì ka owó náà ní Dendi. Obìnrin náà gbójú sókè. Èdè tí wọ́n ń sọ létí odò níbẹ̀ àti Dendi ti Malanville, ẹbí kan ni wọ́n, láti inú ìjọba Songhai àtijọ́. Wọn kò gbọ́ ara wọn tán, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ iye owó, wọ́n gbọ́ omi, wọ́n gbọ́ ìkíni. Ẹja náà di ẹ̀bùn ní ìdajì.

Ní irú ọ̀sán tí nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń ké tí orí ń wúwo, mo máa ń rántí àwọn tí ó ti gba ojú omi yìí ṣáájú wa. Mungo Park, ọmọ Scotland, gbà á ní ọdún 1805 sí 1806. Ó ń bẹ̀rù àwọn ènìyàn etí odò, kì í fẹ́ gúnlẹ̀, ó ń yìnbọn sí ọkọ̀ tí ó bá súnmọ́ ọn, Bussa ni ó sì kú sí, níbi tí omi Kainji ti bò mọ́lẹ̀ láti ọdún 1968. René Caillié, ọmọ Faransé, wọ ọkọ̀ àwọn oníṣòwò láti Djenné ní ọdún 1828, ó múra bí Mùsùlùmí, ó dé Tombouctou ní ogúnjọ́ oṣù kẹrin, ó sì yè é. Ẹnìkẹta ni Bàbá Hacquard, ọ̀kan nínú àwọn Àlùfáà Funfun tí ó dá ibùdó ìjọ sílẹ̀ ní Tombouctou ní ọdún 1895. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó bá Hourst, ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi Faransé, sọ̀kalẹ̀ láti Tombouctou, wọ́n gba Bussa kọjá, wọ́n dé òkun. Ó tún padà lọ, ó di bíṣọ́ọ̀bù; ní ọdún 1901, omi yìí kan náà ni ó gbé e lọ ní Ségou. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Caillié ni mo fẹ́ràn jù. Òun nìkan ni ó wọ ọkọ̀ àwọn ará ibẹ̀ bí èrò.

Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2008 ni a dé Diré. Gbogbo òwúrọ̀ ni Màmá ti wà níwájú ọkọ̀, ó ti wẹ̀, ó ti wé gèlè. Ọmọ rẹ̀ dúró sínú omi dé orúnkún, ọmọ ọwọ́ ní ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti rò pé igbe yóò sọ. Kò sọ. Màmá sọ̀kalẹ̀, wọ́n kí ara wọn ní ìkíni Dogon tí ó gùn, ilé ńkọ́, ọkọ ńkọ́, àwọn ẹran ńkọ́, gbogbo rẹ̀ pátá láì fo ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n ríra. Nígbà tí ó parí ni ó tó na ọwọ́ gba ọmọ náà, ó jókòó sílẹ̀ lórí iyanrìn, ó tú aṣọ lára rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́ rẹ̀ àti ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó sunkún. Oníṣòwò alágùntàn, tí kò ní ohun tí ó ń wá ní Diré, sọ̀kalẹ̀ wá súre fún ọmọ náà kí ọkọ̀ tó gbéra.

Àwa yòókù bá ọkọ̀ dé Korioumé ní ọjọ́ kejì, a sì wọ mótò gba ọ̀nà kúkúrú tí ó kù dé Tombouctou. A rí mọ́ṣáláṣí Djingareyber, tí wọ́n ti kọ́ láti ọdún 1327, a rí àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́, a rí ilé tí Caillié sùn sí. Ìlú tí ó dákẹ́ ni, iyanrìn wà ní gbogbo ìloro. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ju èmi lọ ti kọ̀wé púpọ̀ nípa rẹ̀. Ní tèmi, ọ̀nà ni ó kù sí mi lọ́kàn ju ìlú lọ.

Nítorí ọ̀nà náà ni mo ṣe ń kọ èyí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 2012, àwọn ológun ọ̀tẹ̀ wọ Tombouctou, àwọn ìlú etí odò sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ibojì àwọn ẹni mímọ́ Mùsùlùmí tí ìlú ń bọ̀wọ̀ fún. Ariwo ibojì náà dé gbogbo ayé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti tún wọn kọ́ ní ọdún 2015. Ṣùgbọ́n ní ilé ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin kan ni wọ́n ń rò. Àbúrò rẹ̀ gbé ọmọ náà, ó wọ pínásì kan lóru ní Diré, ó fi ọjọ́ márùn-ún dé Mopti, ó sùn lórí àpò bí àwa ti ṣe. Ọkọ rẹ̀ dúró ti ilé. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Mali àti ti Faransé gba ìhà ibẹ̀ padà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, ó tún wọ ọkọ̀, ó padà. Ó ní ilé òun ni.

Lẹ́yìn náà ni iná tún ràn ní ìhà Bandiagara fúnra rẹ̀, láàrin Dogon àti Fúlàní, àwọn tí ó ti ń pín omi àti koríko láti ayébáyé. Màmá àti ọ̀rẹ́ mi kó lọ sí Bamako. Ibẹ̀ ni Màmá kú sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Ọmọ rẹ̀ bá ọkọ̀ ńlá ìjọba tí ń ná odò náà nígbà tí omi bá kún wá síbi ìsìnkú, nítorí kò sí ẹni tí ó jẹ́ gba ọ̀nà ilẹ̀. Òkú ti wọ ilẹ̀ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n ó bá ọjọ́ kẹjọ.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tombouctou, ni àwọn ológun yìnbọn lù lórí odò láàrin Tombouctou àti Gao ní ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ìjọba Mali kéde pé aráàlú 49 ni ó kú nínú rẹ̀. Ìdílé ni wọ́n, wọ́n gbé ìkòkò àti ẹní dání. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń ṣàlàyé pé ogun ni, pé ọmọ ogun wà nínú ọkọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ti sùn lórí àpò láàrin ọgọ́ta ènìyàn, tí ọmọ ọwọ́ ẹlòmíràn gbé ẹsẹ̀ lé e láyà, kò lè gba àlàyé bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìkọlù náà ni wọ́n dá àwọn ọkọ̀ ńlá dúró; ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ti di àwọn ọ̀nà tí ó wọ Tombouctou. N kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín pé kí ó lọ rí ohun tí mo rí.

Ọmọ tí Màmá ka ìka rẹ̀ ti di ọ̀dọ́mọkùnrin. Òun ni ó ń gbé ẹ̀rọ tẹlifóònù nígbà tí mo bá pe Diré. Ó máa ń sọ iye tí àpò ìrẹsì ń lọ fún mi, ó máa ń sọ bí omi ti ga tó lára àkàsọ̀ èbúté, nítorí ó mọ̀ pé n óò béèrè. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé kékeré kan. Nígbà tí oṣù kejì bá sì dé, ẹ̀gbọ́n mi a pè mí láti Malanville, a ní: "Omi wọn ti dé o. Ó mọ́."